Ọwọ́ Ìyálé Lára Ògiri Àgbàlá Wa

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ fi fóònù yín sílẹ̀ ná. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò yín bí ẹ ṣe ń to ara yín síwájú ògiri yẹn, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ ń ya fọ́tò. Ẹnì kan á fi ọwọ́ lé èjìká obìnrin tó wà lábẹ́ igi ọsàn bí ẹni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn á ṣe bí ẹni tó ń bá wọn fa omi. Ó dára, kò bí mi nínú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tó bi mí léèrè ẹni tí àwọn obìnrin yẹn jẹ́, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló kù láyé nínú wọn.

Ẹ fa ẹní yẹn sún mọ́ mi. Ganíyà, ìwọ ọmọ ọmọ Akọ̀wé, má tíì lọ. Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ kí o jókòó níwájú.

Ẹ ti máa ń gbọ́ tí mo ń pe bàbá àgbà Ganíyà ní Akọ̀wé, ẹ sì rò pé orúkọ wọn nìyẹn. Kì í ṣe orúkọ wọn. Nígbà tí mo wọ ilé yìí ní ìyàwó, ọmọdé ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà nílé kí n tó dé. Láyé ìgbà náà, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ní orúkọ, bí ọmọ náà tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Wọ́n máa ń gbé wàláà kiri, wọ́n á fi èédú kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kà sára rẹ̀, ni mo bá sọ wọ́n ní Akọ̀wé. Títí dòní n kò pe orúkọ wọn rí. Orúkọ ìyá wọn náà, n kò pè é rí. Ìyálé ni gbogbo wa ń pe ìyá wọn, torí pé àwọn ni àgbà nínú gbogbo ìyàwó ilé. Ọkọ Ìyálé ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín dáadáa, torí pé ọ̀rọ̀ èmi àti Ìyálé ni mo fẹ́ sọ.

Sìmẹ́ǹtì tí ẹ jókòó lé yìí, ilẹ̀ amọ̀ ni nígbà tí mo dé. Yàrá amọ̀ ló yí àgbàlá yìí po, gbogbo ilẹ̀kùn ló kọjú sí ara wọn. Tí ẹnì kan bá húkọ́ nínú yàrá rẹ̀, ẹni tó wà ní yàrá òdìkejì á kí i pé ẹ pẹ̀lẹ́. Láàárọ̀, ìró okùn kànga ni mo fi ń jí, kíì, kíì, kíì, lára igi tí wọ́n gbé dábùú ẹnu kànga. Ìgbálẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Tí ìgbálẹ̀ bá dákẹ́, àwọn ọmọ ilé kéú á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn ilé, ewúrẹ́ á máa dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni ẹ fi ń jí, olúkúlùkù yín ló sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. N kò bú yín. Ilẹ̀kùn tó ṣeé tì pa ìbá wù mí nígbà yẹn.

Ẹ ó gbọ́ tí àwọn arúgbó ẹgbẹ́ mi ń sọ pé ayé àtijọ́ dùn. Ó dùn lóòótọ́. Àwọn tó kó gbogbo adùn rẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn ni n kò tíì dárí jì.

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, iṣẹ́ ògiri ló ń gba gbogbo ọwọ́ àwa ìyàwó ilé. Òjò á ti jẹ ògiri amọ̀, ewúrẹ́ á ti fi ara họ ọ́, ọmọdé á ti fi èékánná gbẹ́ ẹ. A ó lọ sí gáà àwọn Fúlàní tó wà lẹ́yìn oko wa, a ó ru ìgbẹ́ màlúù wálé nínú agbọ̀n, a ó fi omi àti amọ̀ pò ó, a ó sì fi ọwọ́ rẹ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ wa bá lè dé. Má yínmú, Ganíyà. Tó bá ti gbẹ, kò ní òórùn kankan àfi ti koríko tí oòrùn ti pa. Bí a ṣe ń rẹ́ ẹ ni a ó máa kọrin, a ó máa bú ọkọ wa nínú orin náà, àwọn ọkọ á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni a ó wá ya nǹkan sára rẹ̀. Olúkúlùkù ìyàwó ló ní ìpín tirẹ̀, láti òpó kan dé òpó kejì. Ẹfun ni funfun wa, èédú ni dúdú, erùpẹ̀ pupa tí a gbẹ́ létí odò ni pupa, aró ni búlúù. Orín tí a ti rún lẹ́nu títí tó fi rí wúruwùru ni a fi ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ́ adìyẹ ni a fi ń ya èyí tó bá fẹ̀. Ìyá Lámídì, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, òòyà àti alángbá ló máa ń yà. Ìyálé máa ń ya oṣù àti ìràwọ̀, ní ìpín tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà gan-an, kó lè jẹ́ pé tiwọn ni àlejò máa kọ́kọ́ rí.

Ìyàwó tó kéré jù ló ń lọ àwọ̀ fún gbogbo ilé. Ọjọ́ tí mo ti wọlé ni ọlọ ti di tèmi. Ìyàwó kékeré kì í sì í fọwọ́ kan ìpín tirẹ̀ àfi tí àwọn àgbà bá yà tán. Oòrùn á ti fẹ́ wọ̀ kí n tó rí àyè, ohun tó bá kù sí ìsàlẹ̀ igbá ni mo fi ń ṣe tèmi. Orúnkún mi tí ẹ ń rí tó ń dùn mí yìí, ìdí ọlọ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ẹfun. Tí a bá fi omi lásán pò ó, yóò funfun báláú lójú, ṣùgbọ́n tó bá gbẹ tán, ìyẹ̀fun ni. Ẹni tó bá fara kàn án ni yóò gbé e lọ. A gbọ́dọ̀ po ògì, ká gbé e kaná díẹ̀ kó lè ki, ká wá dà á sínú ẹfun náà. Ògì yẹn ló ń jẹ́ kó di ògiri mú. Iṣẹ́ ẹni tó wà nídìí ọlọ nìyẹn, Ìyálé sì ti pẹ́ kúrò nídìí ọlọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Mo nítìjú nígbà yẹn. Tí wọ́n bá pè mí, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Tí wọ́n bá bi mí ní ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á ti dáhùn fún mi kí ohùn mi tó jáde. Ní Iléyá tí mo kọ́kọ́ ṣe nílé yìí, mo dúró níwájú ìpín mi, n kò mọ ohun tí mo lè yà. N kò lè ya òòyà, ti Ìyá Lámídì ni. N kò tó ẹni tí ń ya oṣù. Mo bá bojú wẹ̀yìn, mo wo àgbàlá. Ìyá Lámídì ń gúnyán. Ẹnì kan ń fa omi ní kànga. Ẹnì kan ń wẹ ọmọ lábẹ́ igi ọsàn. Ìyálé jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n ń pàṣẹ fún gbogbo ènìyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n. Mo ya igi ọsàn, mo ya kànga, mo ya ewúrẹ́ tó ń jí èlùbọ́ jẹ lórí ẹní. Mo wá ya ara mi nídìí ọlọ, kékeré báyìí, ní igun.

N kò rí irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀yin ọmọ. Ọwọ́ mi ń sọ̀rọ̀ tí ẹnu mi ò lè sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ariwo Ìyá Lámídì ló jí gbogbo ilé. "Yéè! Èmi rèé! Ẹ wo ìdí mi! Ìyàwó, ta ló ní kí o ya ìdí mi tóbi tó báyìí?"

"Báwo lo ṣe fẹ́ kó yà á?" obìnrin tó wà ní kànga dá a lóhùn. "Ṣé kó gé e kù ni?"

Gbogbo wọn kó jọ síwájú ìpín mi, wọ́n ń wá ara wọn. Àwọn ọkùnrin pàápàá dúró wò ó kí wọ́n tó lọ sóko. Ẹnikẹ́ni ò wo oṣù àti ìràwọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyálé rí i pé ẹnikẹ́ni ò wò ó.

Wọ́n rìn wá. Wọ́n ní, "Ilé Mùsùlùmí rèé, ìyàwó. Ṣé àwòrán ènìyàn lo ń yà sára ògiri? Ṣé o fẹ́ kí málàíkà kọ ilé wa lọ́jọ́ Iléyá ni?"

Mo wolẹ̀.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Lọ bu ìgbẹ́ màlúù wá."

Èmi fúnra mi ni mo lọ bù ú wá, ẹ̀yin ọmọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, mo kúnlẹ̀. Ìyálé fi ọwọ́ ọ̀tún bù ú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwòrán mi rẹ́ lójú gbogbo ilé. Ibi tí mo wà nídìí ọlọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pa rẹ́, kí wọ́n tó pa igi, kí wọ́n tó pa kànga. Wọn ò kánjú rárá. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n nawọ́ sí mi pé kí n bu omi fún àwọn kí àwọn fi ṣanwọ́. Mo bu omi.

Ọjọ́ kejì ni Iléyá. Ìpín gbogbo ìyàwó ń tàn, tèmi dúró lásán bí ara ilé ewúrẹ́. Àlejò kan láti Olódò bèèrè pé, "Ta ló ni èyí tí kò ní nǹkan kan?"

Ìyálé dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. "Ti ìyàwó tuntun ni. Ẹ má dá a lóhùn, kò mọ nǹkan-án yà."

Mo wà níbẹ̀, mo gbé abọ́ ẹran dání. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi ní yàrá, ó ní, "Ògiri ni, kì í ṣe oko. Fi í sílẹ̀." Mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu. N kò fi í sílẹ̀ níbòmíràn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ tó burú jù ṣẹlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ògiri bẹ̀rẹ̀, Ìyálé ní kí n lọ gbẹ́ erùpẹ̀ pupa létí odò, bẹ́ẹ̀ erùpẹ̀ pupa ti kún agbọ̀n nílé. Mo lọ. Nígbà tí mo fi máa dé, Ìyálé ti ya ìpín wọn tán. Kò sí oṣù, kò sí ìràwọ̀. Igi ọsàn ló wà níbẹ̀. Kànga wà níbẹ̀. Ìyá Lámídì ń gúnyán níbẹ̀. Ewúrẹ́ mi, ewúrẹ́ tó ń jí èlùbọ́ jẹ, wà níbẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Àní wọ́n ya ọlọ. Ẹnikẹ́ni ò sí nídìí rẹ̀.

Ìyá Lámídì kò lè mú un mọ́ra. "Ìyálé, àwọn málàíkà ńkọ́?"

"Ti èmi ò lójú," ni Ìyálé fèsì. "Ohun tí kò bá lójú kì í ṣe ènìyàn."

Lóòótọ́, wọn ò ya ojú sí ẹnikẹ́ni. Orí róbótó róbótó lásán.

Bí mo ṣe ń sọ erùpẹ̀ kalẹ̀ ni mo rí igbá tí wọ́n fi po ẹfun. Ohun tó kù nínú rẹ̀ ṣàn bí omi òjò. Mo wo ìdí iná, kò sí ìkòkò ògì kankan níbẹ̀. Ìyálé fúnra wọn ló po ẹfun, torí pé wọn ò fẹ́ kí n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ yà, wọ́n sì ti gbàgbé iṣẹ́ ọlọ. Omi lásán ni. Wọ́n rí i pé mò ń wo igbá náà.

"Kí lò ń wò? Ṣé o ní nǹkan sọ ni?"

"Rárá o, Ìyálé."

Ìdákẹ́ ni wọ́n kọ́ mi nílé yìí, mo sì ti mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà yẹn. Mo gbé agbọ̀n mi, mo wọlé.

Ẹ wo Iléyá ọdún yẹn bí ẹni pé àná ni. Àwọn ọkùnrin ti Yídì dé, aṣọ wọn ń dún ṣàáṣàá. Wọ́n pa àgbò lábẹ́ igi ọsàn. Èéfín ẹran bo àgbàlá, àwọn ọmọ ń sáré káàkiri pẹ̀lú ìwo àgbò tí wọ́n fẹ́ sun. Ẹni tó bá wọlé á rí àwòrán Ìyálé, á figbe ta, á ní ọwọ́ wọn mà dára o. Ìyálé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ó jókòó síbẹ̀ gan-an. Bí àwọn àlejò pàtàkì ṣe jókòó sórí ẹní nídìí ògiri nìyẹn, tí wọ́n jẹun yó, tí wọ́n fẹ̀yìn tì.

Bàbá Olódò, àgbà àlejò láti Olódò, ló kọ́kọ́ dìde. Agbádá aró dúdú ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa láti kí ọkọ Ìyálé pé ó dàbọ̀, la bá rí Ìyá Lámídì pẹ̀lú odó rẹ̀ lẹ́yìn wọn, funfun báláú. Ẹnì kejì dìde, igi ọsàn wà ní èjìká rẹ̀. Àáfà tó wàásù fún wa dìde, ewúrẹ́ wà ní ìdí ẹ̀wù wọn.

 Ìyá Lámídì wá pariwo, "Bàbá Olódò, ẹ dúró! Ìyàwó wa lẹ̀ ń gbé lọ yẹn! Ẹ ò tíì wá tọrọ wa o!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Àwọn àlejò ń yí po bí ajá tó ń wá ìrù rẹ̀, wọ́n ń gbọn ẹ̀yìn ara wọn, ẹfun ń fò. Ìyálé dúró láàárín, ojú wọn le. Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ lo po ẹfun yẹn."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbójú sókè wò wọ́n nìyẹn. Mo ní, "Ìyálé, odò lẹ rán mi lọ."

Gbogbo ilé gbọ́.  Ẹran tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń rántí adùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọjọ́ kan kò tó ohun tí mo pàdánù. Lọ́jọ́ kejì, Ìyálé pè mí kí n po ẹfun mìíràn, kí n fi ògì sí i, wọ́n sì tún àwòrán náà yà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yà á lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni mo ń lọ àwọ̀ fún wọn. Àwòrán Ìyálé ni gbogbo abúlé ń pè é. Èmi ń ya òpó àti ìlà ní ìpín tèmi. Mo bí ọmọ, mo tọ́ wọn nínú àgbàlá yìí, wọ́n dàgbà lójú àwòrán ìyá wọn, wọn ò mọ̀ pé ti ìyá wọn ni.

Ọdún ń gorí ọdún. Páànù dé, ewé àti koríko kúrò lórí ilé. Akọ̀wé lọ sílé ìwé, wọ́n rí iṣẹ́ ìjọba n'Ìbàdàn, wọ́n fi mọ́tò kó sìmẹ́ǹtì wálé. Wọ́n ní ìgbẹ́ màlúù ń rùn sí àwọn ọ̀rẹ́ àwọn. Àwọn bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri, láti òpó dé òpó. Àwòrán Ìyálé wọ abẹ́ sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú ti gbogbo wa. Ìyálé ò lè sọ̀rọ̀, ọmọ wọn ló ṣe é, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ǹtì náà yangàn fún gbogbo aládùúgbò. Láti ìgbà náà, a ò rẹ́ ògiri mọ́, a ò kọrin mọ́. Tí Iléyá bá ń bọ̀, olúkúlùkù á jókòó sínú yàrá rẹ̀, á máa dúró de ẹran. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, pé mo ṣàárò iṣẹ́ tí wọ́n fi jẹ mí níyà.

Nígbà tí ojú Ìyálé kò ríran mọ́, wọ́n máa ń jókòó síbi tí Ganíyà jókòó sí yìí. Wọ́n á nawọ́ sí ọ̀kánkán, wọ́n á ní, "Kí ló wà lára ògiri mi?" Àwọn ọmọ wọn á ní, "Àwòrán yín ṣì wà níbẹ̀, Màámi. Ó ń tàn." Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi èmi.

"Sìmẹ́ǹtì ni, Ìyálé," mo ní. "Ọmọ yín ti pa á rẹ́."

Wọ́n fa ọwọ́ wọn padà sórí ẹsẹ̀. Wọ́n wá ní, "Inú rẹ dùn báyìí."

"Ó dùn, Ìyálé."

Mo fún wọn lẹ́kọ mu lẹ́yìn ìyẹn, mo nu ẹnu wọn. Ẹ má ṣe wò mí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ fún wọn. Àwọn ni wọn ò sọ òótọ́ fún mi rí. Wọ́n ṣaláìsí láìbẹ̀ mí.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Lẹ́yìn tí Akọ̀wé fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n padà wá kọ́ ilé tuntun sí iwájú ibí, wọ́n wọlé wá kí mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi Akọ̀wé."

"Ìyá, àárò ilé àtijọ́ ń sọ mí."

"Èwo nínú rẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi sìmẹ́ǹtì bò ó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọdé ló ń ṣe mí nígbà yẹn. Ẹ rántí àwòrán tí Màámi máa ń yà? Igi ọsàn, kànga, ewúrẹ́ olè?"

"Mo rántí ewúrẹ́ yẹn dáadáa."

"Mo fẹ́ kí wọ́n tún un yà sí ògiri àgbàlá, kó tóbi, kí àwọn ọmọ mi lè rí i. Mo ti wá ẹni tó máa yà á. Ṣùgbọ́n kò sí fọ́tò rẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó mọ bó ṣe rí. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un. Kó kọ orúkọ Màámi síbẹ̀, kó hàn gàdàgbà, kí gbogbo ayé lè dá wọn mọ̀."

Mo lè sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀ pé kì í ṣe ìyá yín ló ni ín. Mo gbé e dé orí ahọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n á ní arúgbó ń jowú òkú. Wọ́n á rọra kí mi pẹ̀lẹ́, wọ́n á sì lọ ní kí wọ́n yà á bí wọ́n ṣe fẹ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," mo ní. "Yóò hàn."

Ẹni tí wọ́n mú wá ni Rùkáyà, ọmọbìnrin kan tó ń kọ pátákó fún àwọn onígbàjámọ̀ àti aránṣọ ní Mọníyà. Kò kàwé púpọ̀. Tí mo bá bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé lọ sí Ìbàdàn lọ múra ọdún, ó ku èmi àti Rùkáyà àti ògiri. Mo jókòó sórí àga, mo ń sọ, ó ń yà. Igi ọsàn. Kànga. Ìyá Lámídì, mo ní kó ya ìdí rẹ̀ tóbi dáadáa. Mo ní kó ya èmi nídìí ọlọ, kì í ṣe ní igun, láàárín gbùngbùn, kí n gbójú sókè kí n máa wo ẹni tó ń wọlé.

"Ìyálé ńkọ́, Màámi?" Rùkáyà bi mí. "Orí àpótí?"

"Rárá. Lára ògiri. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí ògiri. Má ya ojú sí wọn."

"Kí ló wà lọ́wọ́ wọn?"

"Ìgbẹ́ màlúù."

Ó dúró. Ó wò mí. "Ṣé wọ́n ń rẹ́ ògiri ni, àbí wọ́n ń pa nǹkan rẹ́?"

Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní, "Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, gbogbo pátákó tí mo bá kọ, orúkọ tirẹ̀ ló ń fi sábẹ́ rẹ̀."  Ó yíjú sí ògiri, ó sì ya ọwọ́ yẹn tóbi ju bí mo ṣe sọ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìka hàn án ibi tí yóò kọ orúkọ sí. Abẹ́ ẹsẹ̀ Ìyálé gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mọ̀. Orúkọ tí n kò pè rí láyé mi, Rùkáyà fi ọ̀dà pupa kọ ọ́.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ rí bí Akọ̀wé ṣe ti Yídì dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn ńlá wọn, tí wọ́n dúró síwájú ògiri, tí omi bọ́ lójú wọn. "Màámi rèé!" ni wọ́n ń wí. "Ẹ wò wọ́n, wọ́n ń rẹ́ ògiri! Ìyá mi kì í ṣe ọ̀lẹ!" Gbogbo àlejò ní Máṣáálàhù. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí ìyá àwọn ò ní ojú. Mo ní, "Ìyá yín ló ní kí wọ́n má máa ya ojú." Wọ́n mi orí, wọ́n ní olùfọkànsìn ni ìyá àwọn. Mo jẹ ẹran ọdún yìí, ẹ̀yin ọmọ. Ó dùn bíi ti ọdún tí Bàbá Olódò gbé Ìyá Lámídì lọ sílé.

Ganíyà, kí lo dìde fún? Ó dára, sún mọ́ ọn. Wo ọwọ́ wọn dáadáa. Wo abẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyá àgbà, orí ẹnì kan wà lábẹ́ ọwọ́ wọn. Kékeré. Ó jókòó nídìí ọlọ."

Èmi ni, èmi àkọ́kọ́ tí wọ́n pa rẹ́ ní igun. Rùkáyà ló fi í síbẹ̀.

"Ṣé kí n lọ sọ fún bàbá àgbà?"

Sọ fún wọn. Kí ni mo ṣe ní kí o jókòó níwájú? Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sin àlejò. Tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè bu nǹkan kí wọ́n pa á rẹ́ lójú gbogbo ilé, bí ìyá wọn ṣe ṣe é, ẹ̀yin gbogbo á wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù yín. Tí wọn ò bá sì fẹ́, kó máa wà níbẹ̀, kí wọ́n máa wò ó láràárọ̀. Èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe tẹ́ mi lọ́rùn.

Máa lọ, ọmọ mi. Ẹ̀yin tó kù, ẹ padà sídìí ògiri yín, ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn tì í dáadáa. Ọ̀dà nìyẹn. Kò ní bá yín lọ sílé.